Ká Tó Náwó, Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ohùn Àwọn Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn olùkọ́ wa níbi àpèjọ ọdún yìí

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà to ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ká sì mọ ohun tí ìdáhùn náà ń sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wo aago, wọ́n ń bèèrè ìgbà tí ìrẹsì yóò dé. Ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀. Owó wa lọ́rọ̀ yìí dá lé lórí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbìmọ̀ wa pín ìwé ìbéèrè fún àwọn ọmọ tó wà níléèwé wa báyìí. A bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣaláìní jù. Ìwé náà ti padà dé, ó wà nínú páálí lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tú okùn ìdí páálí, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà la ó rà. Àwọn kan ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní omi la ó kọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún iléèwé yìí nínú wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti kúrò níbẹ̀ láti bí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ló wọ bàtà yìí báyìí, wọ́n sì ti sọ ibi tó ti ń ta wọ́n. Iṣẹ́ tó kù ni ká ka ohun tí wọ́n sọ bó ṣe tọ́.

Ohun tí a ó fi kà á ni wọ́n ń pè ní spreadsheet. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ti mọ̀ ọ́n kí á tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Rẹ́jísítà tí ẹ fi ń pe orúkọ wa láàárọ̀ ńkọ́? Orúkọ wà lápá òsì, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ọjọ́ wà lókè láti òsì sí ọ̀tún. Ibi tí orúkọ àti ọjọ́ bá ti pàdé, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ máa fàlà sí. Broadsheet tí ẹ fi ń kó máàkì jọ nígbà tí táámù bá parí, irú kan náà ni. Káàdì alájọ pàápàá, èyí tí ìyá wa ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí, àpótí 31 fún ọjọ́ 31, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Ohun tí kọ̀ǹpútà fi kún un ni ìṣírò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ní 1978, Dan Bricklin jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard Business School ní Amẹ́ríkà. Ó ń wo olùkọ́ rẹ̀ tó kọ tábìlì ìṣírò sójú pátákó. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, olùkọ́ náà ní láti pa gbogbo èyí tó tẹ̀lé e rẹ́, kó tún wọn kọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ ìyà yẹn. Bricklin wá ronú pé ṣé ẹ̀rọ kò lè ṣe àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ ni? Òun àti Bob Frankston ṣe VisiCalc, tó jáde ní 1979 fún kọ̀ǹpútà Apple II. Lotus 1-2-3 tẹ̀lé e ní 1983, Excel sì dé ní 1985. Lónìí, ẹni tí kò bá ní owó Excel lè lo LibreOffice Calc. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Ó yá, báwo la ó ṣe ṣe é? Ẹ jẹ́ ká fi ìwé 200 ṣe àpẹẹrẹ.

Èkíní, kí a tó tẹ ohunkóhun, ká mú báírò pupa, ká kọ nọ́ńbà sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 200. Nọ́ńbà yìí la ó tẹ̀ sínú òpó àkọ́kọ́. Bí ohun kan bá rúni lójú lọ́la, a ó mọ ìwé tí a ó padà lọ wò. A kò nílò orúkọ ọmọ kankan.

Èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìlà kan. Ìbéèrè kan, òpó kan. Ìlà àkọ́kọ́ lókè ni ti àkọlé: nọ́ńbà, kíláàsì, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìdáhùn kìíní, ìdáhùn kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ìlà òfìfo ṣe ẹ̀ṣọ́ sáàárín, ẹ má sì ti ìdáhùn méjì sínú àpótí kan. Bí ìbéèrè kan bá ní kí ọmọ mú ju ohun kan lọ, ká fún ohun kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀: 1 fún èyí tó mú, 0 fún èyí tí kò mú.

Ẹ̀kẹta, ká máa kọ ohun kan náà ní ọ̀nà kan náà. Bí èmi bá tẹ "JSS2", tí ẹlòmíràn tẹ "JSS 2", tí ẹnìkẹta tẹ "JS2", àwa mọ̀ pé kíláàsì kan ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Kíláàsì mẹ́ta ló rí yẹn. Ó dára ká ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú, ká kọ ọ́ sórí ìwé kan, ká sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Excel náà ní ohun tó ń jẹ́ Data Validation, tó máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mú nínú ohun tí a ti kọ sílẹ̀ nìkan.

Ẹ̀kẹrin, òfìfo kì í ṣe òdo. Ẹ wò ó: a bi ọmọ márùn-ún pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń rìn dé iléèwé. Àwọn mẹ́rin dáhùn: 10, 20, 30, 40. Ìkarùn-ún kò kọ nǹkan kan. Bí a bá fi àpótí tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, AVERAGE yóò fo òun kọjá, ìdáhùn yóò sì jẹ́ 25. Bí a bá fi 0 síbẹ̀, ó di 20, bí ẹni pé ọmọ náà ń sùn nínú kíláàsì mọ́jú ni. Ẹni tí kò dáhùn, kò dáhùn náà nìyẹn. Ká má sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí èèyàn méjì jọ ṣe é. Kí ọ̀kan máa kà, kí èkejì máa tẹ̀. Bí a bá parí, ká mú ìwé kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ká fi wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ká pa ojúlówó mọ́, ká má fọwọ́ kàn án mọ́, orí ẹ̀dà rẹ̀ ni ká ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ sì máa tẹ Save lemọ́lemọ́ o, iná kì í dágbére kó tó lọ.

Ìgbà yìí ni kíkà wá kàn. Ká ní òpó D ni ìdáhùn sí ohun tí wọ́n fẹ́ jù wà. A ó kọ =COUNTIF(D2:D201,"Omi"), kọ̀ǹpútà yóò sì sọ iye ọmọ tó mú omi kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ kíyè sí 201 yẹn: ìlà àkọ́kọ́ ti gba àkọlé, nítorí náà ọmọ 200 parí sí ìlà 201. Ẹni tó bá kọ D200 ti lé ọmọ kan jáde láìmọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé rí. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff gbé ìwádìí kan jáde lórí gbèsè orílẹ̀-èdè. Àwọn ìjọba gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n ń tọ́ka sí i. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba fáìlì wọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣírò náà dúró ní ìlà 44 dípò 49, ó sì fo orílẹ̀-èdè márùn-ún. Àwọn àléébù mìíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ tún un ṣe, ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn jù, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní -0.1 nínú ọgọ́rùn-ún, wá di 2.2. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, láàárín 25 Sẹ́tẹ́ńbà àti 2 Òkítóbà 2020, àwọn aláṣẹ ìlera kò ka 15,841 èèyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn Kòrónà. Fáìlì Excel ti àtijọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tí kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Fáìlì ti kún, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Páálí tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ò yàtọ̀: lẹ́yìn gbogbo ìṣírò, ká bèèrè pé ṣé àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200? Bí kò bá jẹ́ 200, ká wá ẹni tó sọ nù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé, nínú ọmọ 200 yìí, 110 mú kọ̀ǹpútà, 90 mú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní omi. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní kọ̀ǹpútà ti wọlé. Ṣùgbọ́n ká tẹ Insert, ká mú PivotTable, ká fi ọkùnrin àti obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdáhùn sí òkè. Ká ní ohun tó jáde nìyí: nínú ọmọkùnrin 100, 80 mú kọ̀ǹpútà, 20 mú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nínú ọmọbìnrin 100, 30 mú kọ̀ǹpútà, 70 mú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí? Ọmọbìnrin 70 nínú 100 ń sọ fún wa pé ohun kan ń ni wọ́n lára. Ẹ̀yin ìyá tó wà níjòókòó yìí kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ọmọbìnrin ń là kọjá níléèwé tí kò ní omi. Kọ̀ǹpútà kò ní bá wa pinnu, àwa náà ni a ó pinnu. Ṣùgbọ́n a kò ní lè sọ pé a ò gbọ́.

Ọ̀nà kan náà la ó fi wo kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ká sì fi iye ìwé tó padà wé iye ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà. Bí ọmọ bá jẹ́ 400, tí ìwé 200 dé, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn wa. Ẹni tí kò wá síléèwé lọ́jọ́ tí a pín ìwé, ohùn rẹ̀ kò sí nínú páálí. Ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni nǹkan le fún jù.

Ní ti ibi tí àwọn ọmọ ti fi ọ̀rọ̀ ara wọn kọ nǹkan, ká tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ká wá fi òpó mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀ka tó bọ́ sí. Nínú iṣẹ́ ìròyìn tí mo ń ṣe, nọ́ńbà ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe tóbi tó, ẹnu èèyàn ló ń sọ bó ṣe rí lára. A nílò méjèèjì.

Ìkìlọ̀ kan ló kù. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, wọ́n sì fọkàn tán wa. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, dáàbò bo irú ìsọfúnni báyìí, pàápàá ti ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò ìwé yẹn sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Bí ọmọ méjì péré bá wà nínú ẹ̀ka kan, ká má tẹ ìdáhùn wọn jáde lọ́tọ̀, nítorí àwọn ará iléèwé yóò mọ̀ wọ́n. Bí ọmọ kan bá fi ẹjọ́ sun ẹnìkan nínú ìwé rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi í ṣe ẹran ìyà. Ọ̀dọ̀ àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn, tó sì lè gba ọmọ náà sílẹ̀, ni kó dé.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju mẹ́ta lọ. Kí èèyàn mẹ́rin fínnúfíndọ̀ jáde lónìí láti tẹ ìwé náà, kí olùkọ́ wa kan sì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìgbìmọ̀ má fọwọ́ sí owó kankan títí a ó fi rí àbájáde. Èkẹta, kí a lẹ àbájáde náà mọ́ ojú pátákó ìkéde iléèwé, kí àwọn ọmọ rí i pé a ka ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ tí a bi léèrè, tí a kò dá lóhùn, kò ní dáhùn mọ́ bí a bá tún bèèrè.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.  Iléèwé wa kò ní bàjẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa yóò jẹun ọmọ pẹ́, àmọ́dún yóò sì bá gbogbo wa láyọ̀.