Ẹ Lọ Ka Ohun Tí Wọ́n Kọ Sí Orúkọ Yín
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka Kánò bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

  Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ lórí owó tí báńkì ń gé nínú àkáǹtì wa, àti lórí ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ó yá owó sí. Ó jọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Gbogbo wa mọ̀ pé àwìn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣíwájú wa fi ṣòwò. Àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ a máa gbé aṣọ fún oníbàárà láìgba kọ́bọ̀. Bí ọjọ́ bá pé, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó àwọn yóò fi pé. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Nígbà náà, ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò san, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Ẹni tí ó san, gbogbo ọjà ni yóò mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì parọ́ mọ́ ènìyàn pé ó jẹ òun lówó, olúwarẹ̀ wà níbẹ̀ láti já irọ́ náà. Lónìí, inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ẹni tí ó ni orúkọ kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà láti tọ́jú ìwé gbèsè yìí: CRC, CreditRegistry àti FirstCentral. Àwọn báńkì, àti púpọ̀ nínú àwọn tí ń yá ènìyàn lówó lórí fóònù, ni ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn: iye tí ènìyàn yá, ọjọ́ tí ó yẹ kí ó san án, àti bóyá ó san án lásìkò. Nọ́ńbà BVN, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ni wọ́n fi ń dá ẹni mọ̀. Bí a bá lọ yá owó ní báńkì mìíràn, ìwé yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣí wò. Yàtọ̀ sí èyí, láti oṣù kẹjọ 2020, báńkì tí a jẹ lówó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì wa tí ó wà ní báńkì mìíràn. Owó tí a yá àti èlé rẹ̀ nìkan ni àṣẹ náà gbà wọ́n láàyè láti mú lọ́nà yìí. Kò gba owó ìtanràn mọ́ ọn.

Ìyá ọjà kan nínú ẹgbẹ́ yìí fẹ́ yá owó láti kó ọjà sílẹ̀ de ọdún Iléyá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní oníduró, ọjà rẹ̀ sì ń tà. Báńkì ní àwọn kò lè yá a, pé ó jẹ ibì kan lówó. Ó búra pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá a gba ìwé náà wò, gbèsè tí ó ti san ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni a rí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó san ti ìgbẹ̀yìn, ẹni tí ó yá a lówó tún fi owó iṣẹ́ kékeré kan lé e, kò tó ẹgbẹ̀rún náírà, kò sì sọ fún un. Èlé ń gun orí rẹ̀ lọ, wọ́n sì ka ìyá náà mọ́ àwọn tí kò san gbèsè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kó gbogbo ìwé ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì. A bá a kọ lẹ́tà, wọ́n sì tún orúkọ rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tún un kọ, Iléyá ti kọjá.

Ẹ rí i pé owó kékeré tí wọ́n gé láìtọ́ lónìí lè di gbèsè lórúkọ ẹni lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ gan-an. Nílé, bí báńkì bá kọ̀, ẹbí wà tí ó lè gbà wá, oko bàbá ẹni wà tí a lè fi dúró. Níhìn-ín, orúkọ wa ni a fi ń gba ọjà.

Kí ni báńkì ní ẹ̀tọ́ láti gé? Báńkì Àpapọ̀ tẹ ìwé kan jáde tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2020, tí ó ka owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n a máa tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà kí á máa bèèrè èyí tí ó wà lóde. A mú mẹ́ta nínú rẹ̀.

Èkínní ni ẹ̀rọ ATM. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 2025, ẹ̀rọ báńkì tiwa kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ti báńkì mìíràn ń gba 100 náírà lórí 20,000. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí lọ́gbà báńkì, bí irú èyí tí ó wà nínú ọjà, wọ́n lè fi owó mìíràn lé e tí kò gbọdọ̀ ju 500 náírà lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi hàn wá kí á tó gba owó.

Èkejì ni káàdì. Ìwé 2020 fi 50 náírà sí i ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lórí àkáǹtì ìfowópamọ́. Kò fi kọ́bọ̀ sí i lórí àkáǹtì kọ́ráǹtì.

Ẹ̀kẹta ni àkáǹtì kọ́ráǹtì fúnra rẹ̀. Bí a bá sanwó fún ẹlòmíràn láti inú rẹ̀, báńkì lè gé náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó san 2,000,000 náírà fún ọjà, 2,000 ni yóò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ pé náírà kan ni òpin rẹ̀, a sì lè ná an kí ó wálẹ̀. Àwa tí a ń ná owó abẹ́rẹ́ lọ́jà, èéṣe tí a fi ń dákẹ́ níwájú máníjà?

Bí ẹ bá rí owó tí kò yé yín, ẹ má ṣe bá akọ̀wé báńkì jà. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì, ẹ fàlà sábẹ́ owó náà, kí ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì, kí ẹ fi ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà àkáǹtì sí i, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀. Kò di dandan kí ẹ lọ sí Àbújá. Ẹ lè mú lẹ́tà náà lọ sí ẹ̀ka wọn ní Kánò níhìn-ín.

Ní ti ìwé gbèsè, òfin 2017 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ohun tí ó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín pé. Ẹ wò ó bóyá gbèsè tí ẹ kò mọ̀ wà níbẹ̀, tàbí èyí tí ẹ ti san tí wọn kò pa rẹ́, tàbí ẹyọ kan tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà àti sí ẹni tí ó yá yín lówó, kí ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀rí ìsanwó sí i. Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀.

Bí gbèsè náà bá sì jẹ́ òtítọ́, kò sí lẹ́tà tí ó lè pa á rẹ́. Kí á san án, kí á sì gba ìwé pé a ti san tán. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ fún òun lówó kí òun lè bá yín fọ orúkọ mọ́, olè ni, ẹ má dá a lóhùn.

Láti oṣù tí ń bọ̀, wákàtí kan ṣáájú ìpàdé, a ó wà nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ẹ mú sítétímẹ́ǹtì yín wá. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tí ó mọ̀wé dání, kí òun náà lè gbọ́ ohun tí a ń kà. A kò ní bèèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì sọ ọ́ fún wa.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa ṣòfò.