Ọmọ Tí A Mú Wá Láti Ilé



Bí a bá ti dárúkọ iṣẹ́ ọmọdé ní Côte d'Ivoire, oko kòkó ni gbogbo ayé ń nawọ́ sí. Wọn kò purọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ńlá fọwọ́ sí àdéhùn Harkin-Engel ní Amẹ́ríkà láti gbógun ti iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù nínú oko kòkó. Ọdún 2005 tí wọ́n dá dé, ó kọjá, wọ́n tún sún un síwájú. Ìwádìí Yunifásítì Chicago tó jáde ní 2020 ní àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó níbí àti ní Ghana lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n kòkó kò hù ní ọjà Adjamé. Ṣọ́ọ̀bù àti àtẹ ni tiwa. Kí wá ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ọmọ tí a mú wá láti Èjìgbò ni. A sọ fún ìyá rẹ̀ pé yóò lọ sílé-ìwé, yóò gbọ́ Faransé. Ó dé tán, òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń sùn kẹ́yìn, òun ló ń kiri omi tútù nínú oòrùn Treichville. Ọmọ wa gbé báàgì, ó lọ sílé-ìwé. Òun gbé igbá. Òwò tí a ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹni lẹ́yìn ilé-ìwé kọ́ ni a ń bá wí o, ọ̀pọ̀ wa ló gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn baba wa ń fi ọmọ fún ẹbí tọ́, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọmọ nígbà náà mọ̀ pé ẹbí yóò béèrè rẹ̀. Abidjan jìnnà sílé, ta ni yóò béèrè?

Ní oṣù kẹrin 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno kó àwọn ọmọ padà sí Kútọnu lẹ́yìn tí Gabon kọ̀ ọ́. Ariwo pọ̀ nígbà náà. Bọ́ọ̀sì tiwa kì í pariwo.

Òfin wà níbí. Ti 2010 lòdì sí kíkó ọmọ ṣòwò àti sí iṣẹ́ tó burú jù fún ọmọdé. Ti 2015 sọ ilé-ìwé di dandan láti ọmọ ọdún mẹ́fà dé mẹ́rìndínlógún. Wọn kò ní kí a yọ ọmọ Ànàgó sílẹ̀. Ìwé ìbí, tí àwọn ará ibí ń pè ní extrait, ni ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró. Láìsí i, ìdánwò CEPE di wàhálà.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín: ẹni tó bá mú ọmọ wá, kó mú orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ wá fún akọ̀wé. Ẹni tí kò bá ní ìwé ìbí ọmọ náà, kó tètè sọ, kí a lè ránṣẹ́ sílé. Kí gbogbo rẹ̀ parí kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án.