Ilẹ̀ Gbogbo Ìlú Kì Í Ṣe Ti Ẹgbẹ́ Kan

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ dá lórí ilẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí tí ẹ máa ń torí rẹ̀ pe lọ́yà, bí kò ṣe ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo wa: pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, etí odò, ọgbà ìgbafẹ́, ojú ọjà. Bí ẹgbẹ́ olówó kan bá kó búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ńtì wá sí irú ibẹ̀ lọ́la, tí wọ́n ní ìjọba ti fọwọ́ sí i, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Ẹ rántí Áhábù. Ó ní ààfin, síbẹ̀ ojú rẹ̀ wà lára ọgbà àjàrà Nábótì. Ó kéré tán, Nábótì wà níbẹ̀ láti sọ pé rárá. Ilẹ̀ gbogbo ìlú kò ní Nábótì tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ní Nairobi, olú ìlú Kenya, ọgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Uhuru Park. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú. Adágún omi wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ kékeré ṣeré lórí rẹ̀, koríko sì wà tí òṣìṣẹ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lápò lè nà sí lọ́sàn-án. Ní 1989, àṣírí tú pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú ọgbà náà fún ilé iṣẹ́ Kenya Times, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú KANU tí ó ń ṣèjọba. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà yóò fi ṣe oríkò, wọn yóò sì gbé ère ńlá Ààrẹ Daniel arap Moi síbẹ̀. KANU nìkan ni ẹgbẹ́ òṣèlú tí òfin Kenya gbà láàyè nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ìlú.

Obìnrin kan dìde. Wangari Maathai ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó dá Green Belt Movement sílẹ̀ ní 1977, ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin abúlé fi ń gbin igi. Kò kó tọ́ọ̀gì, kò sọ òkò. Lẹ́tà ni ó kọ. Ó kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà, sí ọ́fíìsì ààrẹ, sí àwọn àjọ àgbáyé, títí dé ọ̀dọ̀ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bi í bóyá wọn yóò gbà kí irú ilé bẹ́ẹ̀ hù nínú Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aṣòfin bú u nílé ìgbìmọ̀, wọ́n ní àwọn obìnrin tí wọ́n ti kọ ọkọ ni ó kó jọ. Ààrẹ fúnra rẹ̀ sọ pé ó yẹ kí obìnrin bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin, kí ó sì dákẹ́. (Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, a ń sọ ọ́ ní Ìdóàní níbí náà.) Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ gíga. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ó ní obìnrin náà kò ní ẹ̀tọ́ láti pè é. Wọ́n tún lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ń lò.

Ojú ayé ni pé ó ti fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà yẹn ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn tí owó ilé náà fẹ́ ti ọ̀dọ̀ wọn wá lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn yóò dín gíga ilé náà kù. Nígbà tí ó di 1992, wọ́n hú ọgbà tí wọ́n fi yí ibẹ̀ ká, wọ́n kó ẹrù wọn lọ. Maathai gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004, ó sì kú ní 2011. Uhuru Park wà níbẹ̀ dòní.

Ní tiwa ńkọ́? Ibi tí Parkview Estate wà ní Ìkòyí, l'Ékòó, Ikoyi Park ni tẹ́lẹ̀. Inú orúkọ nìkan ni ọgbà náà kù sí. Bar Beach tí àwọn ìjọ aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà ti di Eko Atlantic, ìlú tuntun tí Ààrẹ Jonathan àti Bill Clinton lọ ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù kejì 2013. N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lóòótọ́, odi sì yẹ. Odi ni a nílò o. Ta ni ó ní kí etíkun tí mẹ̀kúnnù ń lọ di ohun tí olówó ńlá nìkan lè rà?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọba. Land Use Act ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n alágbàtọ́ ni òfin pè é. Ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni. Ẹni tí a fún ní ewúrẹ́ sìn kò lè pa á fi ṣe ìnáwó láìbi olówó rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí adájọ́ tì mọ́ Maathai náà ti ṣí díẹ̀ níbí. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Centre for Oil Pollution Watch pe NNPC lẹ́jọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, lórí epo rọ̀bì tí ó dà sínú odò Ineh àti Aku ní ìpínlẹ̀ Abia. Àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti ní kò kàn wọ́n. Ní oṣù keje 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ó kàn wọ́n, pé ẹgbẹ́ lè pe ẹjọ́ láti dáàbò bo àyíká.

Kí ó tó di ẹjọ́, lẹ́tà ni. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí ó wà nínú fáìlì ìjọba, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọn awọnlẹ̀ tí wọ́n ń ri òpó símẹ́ńtì mọ́ ilẹ̀ gbogbo ìlú, ẹ má dúró dìgbà tí ògiri bá ga. Ẹ kọ̀wé sí káńsù ní Ìfọ̀n àti sí iléeṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ bèèrè ta ni ó tọrọ ilẹ̀ náà, ta ni ó fọwọ́ sí i, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe. Kí orúkọ yín pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí ààfin ọba wa. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé lu sítáàmpù sí ẹ̀dà tí ẹ óò mú bọ̀, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀ kedere, torí láti ọjọ́ yẹn ni a ó ti máa ka méje.