Ìbọ̀wọ́ Nọ́ọ̀sì: Ìgbà Wo Ló Pọn Dandan?

Ìbọ̀wọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Lọ́dún 2018, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Great Ormond Street, rí i pé ìbọ̀wọ́ ti fẹ́ di aṣọ iṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láti fún ọmọ lóògùn àgbémì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbọ̀wọ́ tó kan bẹ́ẹ̀dì tó tún kan ọmọ ń kó kòkòrò àrùn kiri bí ọwọ́ tí a kò fọ̀ ni.

Ilé ìwòsàn náà wá là á mọ́lẹ̀: tí ẹ̀jẹ̀, omi ara tàbí oògùn tó léwu bá wà níbẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Tí kò bá sí, ẹ fọwọ́ yín. Láàárín ọdún kan, tọ́ọ̀nù 21 ni pàǹtí oníke fi dín kù. Owó tí wọ́n ń ná lórí ìbọ̀wọ́ náà dín kù!

Ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ níbi tí ẹ̀rọ omi ti gbẹ? Ẹ̀yin alábòójútó ilé ìwòsàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi máa yọ ní wọ́ọ̀dù, kí ọṣẹ sì wà níbẹ̀.