Nígbà tí Owó Oògùn Bá Fò Sókè Lójijì

  

Ẹni tí ó bá ní bàbá tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àbúrò tí ó ní ikọ́ fée, kò ní béèrè ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2023 ni owó oògùn ní Nàìjíríà ti ń fò sókè láìfi àkókò sílẹ̀ fún ẹni tí ń gba owó oṣù, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ohun tí ó fà á kò fara sin. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ilé ìfowópamọ́ àgbà ti orílẹ̀-èdè yìí jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Òkè òkun ni a ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú oògùn wa wá, àti pé èyí tí a tilẹ̀ ń ṣe nílé, Íńdíà àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ èròjà rẹ̀ ti ń wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá, Sanofi náà sọ pé òun yóò gbé títa oògùn òun lé ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ventolin àti Augmentin tí gbogbo ilé mọ̀ wá di ohun àwárí. Ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù kẹfà ọdún 2024 láti mú owó orí kúrò lára èròjà àti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe oògùn. Ohun tí ó dára ni, ṣùgbọ́n owó tí a yọ ní èbúté kì í tètè dé orí àtẹ.

Nítorí náà, kí á má ṣe máa pe gbogbo apòògùn ní olè. Anas ọmọ Malik ròyìn pé ọjà wọ́n ní Mẹ́dínà nígbà kan, àwọn ènìyàn sì bẹ Ànábì pé kí ó dá iye lé ọjà; kò gbà, nítorí kò fẹ́ pàdé Olúwa rẹ̀ pẹ̀lú àbòsí sí ẹnikẹ́ni. Ti ẹni tí ó kó oògùn àtijọ́ pamọ́ kí ìnira ará ìlú lè di èrè rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé oúnjẹ nìkan ni èèwọ̀ ìfipamọ́ dé, ṣùgbọ́n Abu Yusuf sọ pé ó kan gbogbo ohun tí ìfipamọ́ rẹ̀ bá ni ènìyàn lára. Ibn Taymiyyah náà sọ pé aláṣẹ lè fi ipá mú irú olùtajà bẹ́ẹ̀ láti tà á ní iye tí ó tọ́. Bí oúnjẹ bá wọ inú òfin yìí, ta ni yóò yọ oògùn kúrò?

Ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn ń ṣe nígbà tí owó bá wọ́n ni ó léwu ju owó náà lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ikọ́ fée. Oògùn fífà méjì ni dókítà sábà máa ń kọ fún ẹni tí ó bá ń dà láàmú déédéé. Ọ̀kan ni salbutamol, èròjà inú Ventolin, tí ń ṣí ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èkejì ni beclometasone tàbí irú rẹ̀, tí a kì í rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí ń mú kí inú ọ̀nà èémí má ṣe máa wú. Bí owó bá wọ́n, èkejì yìí ni a ń kọ́kọ́ pa tì, nítorí pé aláìsàn kò rí ohun tí ó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ìkọlù wáyé. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ yóò máa fa ti àkọ́kọ́ lemọ́lemọ́, owó tí ó rò pé òun fi pamọ́ yóò sì máa bá a lọ, títí di òru ọjọ́ tí fífà náà kò ní ràn án mọ́.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tilẹ̀ tún farasin jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kì í dun ni. Ẹni tí ń jẹ hóró kan dípò méjì, tàbí tí ń fo ọjọ́ kan mọ́ ọjọ́ kan, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan lára títí di àárọ̀ ọjọ́ tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan yóò kọ iṣẹ́. Àwọn oògùn ọkàn kan wà, bíi atenolol àti propranolol, tí ara kì í gbà kí a ṣàdédé jáwọ́ nínú wọn. Àwọn hóró mìíràn sì wà tí a ṣe láti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Ẹni tí ó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ tí ó wá ń dín in kù kí ìgò lè pẹ́. Kì í pẹ́ kí ìyẹn tó di ọ̀rọ̀ ikú. Agbo ńkọ́? Agbo kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n kò sí agbo tí a lè fi dípò insulin.

Ìtìjú ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá tí ó wà ní Ìwó kò ní sọ fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó pé owó oògùn tí ó fi ránṣẹ́ kò tó mọ́; yóò ní ara òun ti yá. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ nìyí: kí ó béèrè, kí ó sì ka hóró tí ó kù nínú páálí.

Kí ó tún kọ́ láti ka ara páálí náà. Orúkọ méjì ni oògùn máa ń ní, bí ọmọ kan ṣe lè jẹ́ Abdul-Wahab ní ilé kéwú kí ó sì jẹ́ Àkànbí lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí ilé iṣẹ́ fún un, tí a kọ gàdàgbà. Èkejì ni ti èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí a kọ ní kékeré. Norvasc ni amlodipine, Glucophage ni metformin, Augmentin ni amoxicillin àti clavulanic acid. Bí orúkọ ńlá bá ti wọ́n ju agbára lọ, kí a béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe èròjà kan náà, ní ìwọ̀n mílígíráàmù kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ni yóò wà, tí owó rẹ̀ yóò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lo oògùn wárápá, tàbí warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, má ṣe pààrọ̀ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Dókítà tí a bá sọ òótọ́ fún lè wá oògùn mìíràn tí owó rẹ̀ kéré. Kò lè mọ ohun tí a kò sọ.

Olówó pọ́ọ́kú tí kò ní àdírẹ́sì kọ́ ni à ń wí o. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti àwọn ọjà oògùn ní Ìdúmọ̀tà, Aba àti Onitsha pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí ayédèrú oògùn àti àwọn tí a tọ́jú lọ́nà àìtọ́.

Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì forúkọ sílẹ̀. Nínú ètò ti àwọn òṣìṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn tí ó wà nínú ìwé ètò náà ni aláìsàn ń san. Ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Ìlera Èkó ni ti Èkó. Kí a tó ṣàìsàn ni a ń forúkọ sílẹ̀.

Ẹni tí gbogbo èyí kò bá tó fún, ìjọ ni ó kù fún un. Ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ ní Cairo ní nǹkan bí ọdún 1284, dúkìá waqf ni ó ń gbé e ró, tí aláìní fi ń gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ìjọ tí kò lè kọ́ ilé ìwòsàn lè ní àpò oògùn. Aláìní wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí, àìsàn kò sì yọ ọ́ kúrò. Sàráà náà sì wà fún ẹni tí sàká kò kàn. Kí a má ṣe kó owó lé aláìsàn lọ́wọ́ nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ni yóò fi rà. Ọ̀dọ̀ apòògùn tí a mọ̀ ni kí a san án sí. Kí akọ̀wé ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán sí, kí a lè ra òmíràn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà. Ní ti orúkọ aláìsàn, ẹni méjì péré ni kí ó mọ̀ ọ́n, kí a má sì ṣe pè é lórí mìnbárì.