Bàálù lè máa bó nínú kí òde rẹ̀ ṣì máa dán: báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń tọpa rẹ̀?



Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 2005, bàálù Air Transat kan gbéra láti Varadero ní Kúbà, ó ń lọ sí Quebec ní Kánádà. Ènìyàn 271 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó wà ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè, ìró ńlá kan dún, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Awakọ̀ yí padà sí Varadero, wọ́n sì gúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ìrù bàálù, rudder, ìyẹn apá tó ń yí lẹ́yìn ìrù láti darí imú bàálù sọ́tùn-ún tàbí sósì, ti já bọ́. Àjẹkù ló kù.

Ẹ má rò pé irin ni rudder yìí o. Bí pláíwúùdù ni wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n to fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ní ìpele-ìpele, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi ṣe awọ bo inú tó rí bí afárá oyin. Ó fúyẹ́, ó sì le. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí awọ bá ń bó kúrò lára afárá, òde á ṣì máa dán.

Ẹni tó bá ti gbé ìpápánu inú ọ̀rá wọ bàálù rí mọ bí ọ̀rá ṣe ń wú lókè. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, agbára tí afẹ́fẹ́ ìta fi ń tẹ nǹkan kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú afárá á máa ti awọ síta. Bí bàálù bá balẹ̀, á dẹwọ́. Ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ni èyí ń ṣẹlẹ̀.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nígbà náà kò ju kí wọ́n fojú wò ó, kí wọ́n sì kàn án láwọn ibì kan láti gbọ́ ìró rẹ̀, bí ìyá tó ń ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà. Àwọn olùwádìí Kánádà ní èyí kò tó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n rí irú bíbó bẹ́ẹ̀ nínú rudder bàálù akẹ́rù kan ní Amẹ́ríkà. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó lè máa gbòòrò bí bàálù bá ń fò.

Ibí ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Ọ̀nà kan tí Rybicki àti Kanninen gbé jáde ní 1977 ni wọ́n ṣì ń lò. Kọ̀ǹpútà á pín àwòrán ẹ̀yà bàálù sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé. Ní ẹnu ibi tó ti bó, á ṣírò agbára tó so àwọn ègé iwájú pọ̀, àti bí àwọn ti ẹ̀yìn ṣe ya síra tó. Láti inú méjèèjì, á mọ iye okun tí yóò gbà láti pa ẹnu náà dé padà. Bí iye yẹn bá ju ohun tí gọ́ọ̀mù lè fara dà, ibẹ̀ á tún ya sí i.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò lè dá mọ okun gọ́ọ̀mù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fa ègé gidi ya nínú yàrá àyẹ̀wò, kó sì wọ̀n ọ́n. Bí ìwọ̀n yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, iye ìrìnàjò tí kọ̀ǹpútà á sọ lè yàtọ̀ gan-an, torí nínú irú ohun èlò yìí, agbára tó fi díẹ̀ lé lè mú kí bíbó yára ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bàálù kì í fi bá kọ̀ǹpútà dúnàádúrà lórí iye ọjọ́ tó kù. Ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá bíbó náà á sún rárá. Bó bá ní yóò sún, wọ́n á tún ẹ̀yà náà yà, tàbí kí wọ́n fi ìpele kún un, kí wọ́n tó tún gbé e padà síwájú rẹ̀.