Ọ̀rọ̀ Ìfiwéra Lédè Òyìnbó: Ẹ Ṣọ́ Ohun tí Ẹ ń Fọwọ́ Sí



Mo gbọ́ tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ tíṣà ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà o. Owó wa ni.

Bí a bá ní "ẹrù yìí wúwo jù", ó ti kọjá agbára ọkọ̀ nìyẹn. Bí a bá ní "ó wúwo ju ti àná lọ", a kàn fi méjì wéra ni. Òyìnbó ya méjèèjì sọ́tọ̀: "too heavy" ni ti àkọ́kọ́, "heavier than" ni ti èkejì. Dírẹ́bà tí ó kọ "heavier" nígbà tí ẹrù ti pọ̀ jù, bí ọkọ̀ bá ṣubú lọ́nà Ọ̀wọ̀, ọ̀gá yóò ní kò kìlọ̀ fún òun. Ẹ má sì kọ "more heavier". Ọ̀kan ti tó. Akúrẹ́ jìnnà sí Imeri ju Ọ̀wọ̀ lọ: "farther" ni, kì í ṣe "more far".

Inú òfin ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti ọdún 1981 ní náírà 125 lóṣù. Ti 2024 sọ ọ́ di náírà 70,000. "Not less than" ni gbólóhùn ibẹ̀. Ilẹ̀ ni òfin tẹ́, kì í ṣe àjà. Bí wọ́n bá kọ "up to 70,000" sínú ìwé àdéhùn yín, ẹ má fọwọ́ sí i. Wọ́n lè san 20,000, wọn kò sì purọ́.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974 lo oríṣi méjèèjì. Fún ìsinmi ọdọọdún, lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, "at least six working days" ni: ó lè jù bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ dín. Fún àìsàn tí dókítà kọ ìwé lé lórí, "up to twelve working days" ni lọ́dún kan. Bí àìsàn bá gba ọjọ́ mẹ́ta, owó ọjọ́ mẹ́ta ni. Kì í ṣe pé ọjọ́ 12 wà nílẹ̀ kí ẹ fi lọ ṣe ìnáwó àna.

Ó ku ọ̀kan. Táyà tí wọ́n pè ní "as good as new" kì í ṣe táyà tuntun. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gba tuntun, ẹ kọ "used" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.